Jíà Ìbejì Inú Ilé Bùrẹ́dì Wa

Bí mo bá ṣẹ̀, àwa méjèèjì ni wọ́n ń nà. Bí ìkejì mi bá ṣẹ̀, àwa méjèèjì náà ni, ṣùgbọ́n ìkejì mi kì í ṣẹ̀. Kí n má purọ́, nínú ẹgba mẹ́wàá tó bá balẹ̀ sí wa lára ní ilé wa ní Ìlọ́bù, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fa mẹ́sàn-án, a sì jọ pín in dọ́gba. Bẹ́líìtì tí wọ́n yọ lára ẹnjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá mi fi ń nà wá. A ó da ojú bolẹ̀ lórí tábìlì tí a fi ń gé ìyẹ̀fun, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n á na èmi ní mẹ́fà, wọ́n á na òun ní mẹ́fà. Bí wọ́n bá ṣì í kà tí ẹnì kan gba méje, wọ́n á pe ẹnì kejì padà kó wá gba èyí tó kù.

Ìbejì obìnrin ni wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, nítorí náà èmi ni àbúrò. Òun tó kẹ́yìn dé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi pé kí n lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Mo tọ́ ọ wò, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ojú wa jọra débi pé àwọn olùkọ́ máa ń bi wá pé ta ni ta, ṣùgbọ́n ìwà wa kò jọra rárá. Ọwọ́ mi yá ju ẹnu mi lọ. Òun ní tirẹ̀, bí o bá gbá a létí, yóò kọ́kọ́ pa ìwé tó ń kà dé kí ó tó sunkún.

Gbogbo ohun tí a ní, méjì méjì ni. Aṣọ kan náà, bàtà kan náà, àwo kan náà. Bí wọ́n bá ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tí irú rẹ̀ kejì kò sí ní ìsọ̀, wọ́n á dá a padà. Nínú gbogbo ẹrù ìbejì tó wà nílé wa, èyí tí ojú àwọn aládùúgbò kì í kúrò lára rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ọmọ kan tó ní ìjókòó méjì tó kọjú sí ara wọn. Kùmásì ní ilẹ̀ Gáná ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣe bùrẹ́dì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ra kẹ̀kẹ́ náà. A kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ìjọba Gáná ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sílé wọn, ní ọdún 1969. Ìyá mi ní àwọn ènìyàn ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọ̀pọ̀, àwọn mìíràn kàn ń fi ilé sílẹ̀ ni.

Bàbá mi tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ìyẹ̀fun palẹ̀, wọ́n di àwọn irin ńlá sórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n jíà rẹ̀ méjèèjì, irin eléyín tí ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn, wọ́n bẹ̀rù pé kí aṣọ́bodè má lọ gbà wọ́n. Wọ́n fi àkísà dì wọ́n, wọ́n tẹ́ ọ̀kan sábẹ́ ìjókòó mi, wọ́n tẹ́ èkejì sábẹ́ ti ìkejì mi, wọ́n sì gbé wa lé e lórí. Irin ń gún wa ní ìdí, a sì ń ké. Aṣọ́bodè kan gbọ́ igbe wa, kò wo inú kẹ̀kẹ́, ó ní kí ìyá ìbejì tètè kọjá kí ó lọ fún ọmọ lọ́mú. Bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá sọ ọ́ dé ibẹ̀. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro yé. Irin roboto méjì ló wà níbẹ̀ tí a ń pè ní rólà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí a ń ti ìyẹ̀fun tí a ti pò sí àárín wọn títí yóò fi dán. Jíà kan wà ní ìdí rólà kọ̀ọ̀kan, eyín tòkè wọnú eyín tìsàlẹ̀. Ẹnì kan á di irin ọwọ́ mú, á máa yí i, jíà òkè á sì máa yí tìsàlẹ̀. Páànù tó yẹ kó bo àwọn jíà náà ti jẹrà láti ìgbà tí a wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Àwa méjèèjì là ń fi gírísì pa wọ́n lójoojúmọ́.

Nígbà tí eyín jíà ìsàlẹ̀ kán, ẹni tó ń rọ irin ní Òṣogbo ní òun á ṣe ìsàlẹ̀ nìkan, nítorí tòkè ṣì dára. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní bí tuntun bá ń bá ògbólógbòó ṣiṣẹ́, ògbólógbòó á jẹ tuntun ni, kí ó ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń bí mi nínú títí di òní ni pé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú jíà náà ni wọ́n ṣe ń tọ́ wa.

Ìyá mi ló sọ ìdí rẹ̀ fún wa, nítorí bàbá mi kò sọ ọ́ rí. Ọ̀kan nínú ìbejì ni bàbá mi fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún méje, ẹnì kan ra fìlà fún wọn lọ́jọ́ ọdún, kò sì ra ti ìkejì wọn. Ìkejì náà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, ibà mú un lọ́jọ́ kejì, kò sì lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Gbogbo ilé ní fìlà ló pa á, bàbá mi sì gbà bẹ́ẹ̀ dàgbà. Ìbẹ̀rù ló wà nídìí ẹgba wọn. Mo mọ̀ ọ́n báyìí tí mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà nígbà tí wọ́n ń nà wá lọ, ṣùgbọ́n ẹgba kì í sọ ìdí rẹ̀ kí ó tó dunni, inú sì ṣì ń bí mi.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Àlejò kò lè mọ ibi tí Ìlọ́bù parí sí tí Ìfọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ilé ti kan ilé, ṣùgbọ́n àwa ọmọ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n dé ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí àwọn bàbá wa. Bí ara bá tu ìlú, ará ni wá, a jọ ń fẹ́ ara wa, a jọ ń sin òkú. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá tún gbóná, àwọn ará ilé bàbá mi á máa wo ìyá mi tìfura-tìfura, àwọn ará ilé ìyá mi náà á sì máa wo àwa bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dàgbà ju kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ, bàbá mi yọ ìjókòó méjèèjì, wọ́n kan àpótí pákó mọ́ ọn, ó sì di ohun tí a fi ń ti bùrẹ́dì lọ sí Ìfọ́n láràárọ̀ kí a tó lọ sílé ìwé. Ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbóná, a ti kẹ̀kẹ́ dé ibi tí a máa ń tà sí. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa ní òun kò jẹ bùrẹ́dì Ìlọ́bù mọ́, ó sì tutọ́ sórí èyí tó wà lókè. Itọ́ náà kò pọ̀. Ẹlòmíràn á gé ibẹ̀ sọnù, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi gbé páànù bùrẹ́dì, mo fi igun rẹ̀ lù ú ní iwájú orí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

Kí n tó gbé páànù náà sílẹ̀, òkò ti ń fò. Wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ bùrẹ́dì mọ́ erùpẹ̀. Mo sá lọ sẹ́yìn ògiri kan. Ìkejì mi ló dúró láti bẹ̀ wọ́n, òkúta sì bà á lẹ́yìn orí. Èmi tí mo dá ìjà sílẹ̀, kò sí ohun tó bà mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ló sáré wá fà wá yọ tó sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà wa.

Bàbá mi na wá ní méjìlá méjìlá. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lẹ́yìn orí ìkejì mi bí wọ́n ṣe ń nà án. Nígbà tó dìde lórí tábìlì, ó wò mí, ó ní, “Mi ò ṣe nǹkan kan.” Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “O ò mọ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.” Ó wù mí kí n bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nígbà náà. Mo kàn ní kí ó lọ fi omi gbígbóná jó ojú ọgbẹ́ náà ni.

Ọdún tí a pé mẹ́tàdínlógún ni a jọ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Èsì jáde, ó yege, mo fìdí rẹmi. Kò yà mí lẹ́nu, torí mo sùn nínú ìdánwò bí i mélòó kan. Láìsọ fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ìyá mi, ó ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní ìlú mìíràn. Wọ́n pè é, ó lọ dáhùn ìbéèrè wọn, wọ́n sì gbà á. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà ìgbàwọlé rẹ̀ dé, ó kà á sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Bí kò bá dé ọ̀hún ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n dá, ẹlòmíràn ni wọ́n á fi ipò rẹ̀ fún.

Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé kò ju pé kí ó wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn. Ó ti mọ aṣọ tó máa wọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà fún bàbá mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n béèrè pé tèmi dà. Ó ní kò sí. Wọ́n ká a, wọ́n fi sí àpò ẹ̀wù wọn.

Wọ́n ní, “Ohun tí mi ò bá lè ṣe fún ìkan, mi ò ní í ṣe é fún ìkejì. Ẹ jọ lọ, tàbí kẹ́ ẹ jọ jókòó.”

Ìyá mi bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta ni ìyá mi sọ pé fìlà kọ́ ló pa ọmọ ọjọ́sí, pé ibà ló pa á. Bàbá mi gbá wọn létí. Wọ́n gbá wọn ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìyá mi sì fi èjìká lu àga. Ẹnu ìyá mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń fi gèlè bò ó bí wọ́n bá ń ta bùrẹ́dì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbọ́, ó ti Ìfọ́n wá, ó fẹ́ fi sùúrù bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Bàbá mi dáhùn pé ará Ìfọ́n kọ́ ni yóò wá kọ́ òun bí òun ṣe máa tọ́ ọmọ. Wọ́n dì í lọ́rùn ẹ̀wù, wọ́n tì í, ó fi ẹ̀yìn lu ògiri, ẹ̀wù rẹ̀ sì ya títí dé ìbàdí. Ó lọ, kò sì padà wá sí ilé wa mọ́ ní ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Inú mi dùn. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n inú mi dùn dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bó bá lọ, èmi nìkan ni màá kù nínú ilé bùrẹ́dì, èmi nìkan ni bẹ́líìtì yẹn á mọ̀. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìkejì mi kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun, ó ń gbálẹ̀, kò yanu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń bí mi nínú ju bí ì bá ṣe bí mi bó bá ń bú mi.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, lọ́sàn-án, bàbá mi lọ wá fúláwà sí Òṣogbo, torí fúláwà ti di ohun àwárí. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń dá iná sí ààrò. Ìkejì mi ń yí irin ọwọ́, èmi ń ti ìyẹ̀fun bọ àárín rólà. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, rọra yí i, aláìsàn rẹ ń sùn.” Ó ń yí i lọ. Fúláwà ti bo aṣọ rẹ̀ láti èjìká dé orúnkún, mo sì na ìka sí i, mo ní, “Aṣọ funfun náà ti wá bá ọ nílé. Kí lo tún ń wá lọ?”

Ó fi irin ọwọ́ sílẹ̀, ó gbá mi létí. Kò gbá mi rí láyé wa. Mo mú igi tí a fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun, mo là á mọ́ ọn léjìká, ó sì kọlù mí pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀. A dì mọ́ ara wa nírun. Ó ń fi orúnkún gbá mi níkùn, mo ń bù ú jẹ lọ́rùn. Kò sí ẹni tó pariwo nínú wa. Bí a ṣe ń jà ni a ṣubú lu ẹ̀rọ. Mo na ọwọ́ òsì láti di nǹkan mú kí n má baà bọ́ sílẹ̀, orí jíà ni ọwọ́ mi bà lé, gírísì sì mú un yọ̀ wọ àárín eyín. Òun náà ti di irin ọwọ́ mú láti gbé ara rẹ̀ ró. Ó wo ojú mi. Ó wo ibi tí ìka mi wà. Màá sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, torí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀: ó rí ọwọ́ mi, ó sì yí i.

Kò yí i pẹ́. Ìdajì ìyípo kan ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ìró egungun mi kí n tó mọ ìrora rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń run egungun adìẹ lẹ́nu. Jíà ti gbé ìka méjì wọlé, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè jáde bí wọn kò bá yí i sẹ́yìn. Òun náà ló yí i sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló figbe ta, ó sì ń ké ju èmi lọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ti dà sórí ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun sì ń fà á mu.

Ìyá mi sáré wọlé, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi wé ọwọ́ mi, wọ́n bi wá pé ta ni. Mo ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ki ìka bọ àárín jíà, pé mo fẹ́ fi gírísì pa á nígbà tó ń yí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bí mo bá ní ọ̀bẹ, màá lò ó. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá gbọ́ òótọ́, wọ́n á lù ú pa, wọ́n á sì lu èmi náà pa mọ́ ọn kó lè dọ́gba. Èmi àti ìyá mi wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, wọ́n gé ìka méjèèjì nílé ìwòsàn, a sì padà sílé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìkejì mi kò wá sọ́dọ̀ mi.

Bàbá mi kò na ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n sọ burú ju ẹgba lọ. Wọ́n ní ohun tó bá bá ìkan ń bọ̀ wá bá ìkejì, pé ṣé a ti rí i báyìí. Wọ́n ní ìkejì mi kò gbọdọ̀ jáde kọjá ẹnu ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tó mọ ibi tí tirẹ̀ á ti pàdé rẹ̀. Ìyá mi ní ọ̀tunla ni wọ́n ń retí rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ wo?

Lọ́jọ́ Àìkú a kì í yí ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá mi gbé kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára jíà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi wà lọ́rùn mi nínú báńdéèjì, ìyá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìkejì mi wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi pé wọ́n kú iṣẹ́. Ó dìde, ó rìn yí ẹ̀rọ ká, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ki ọmọńdinrín rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e bọ àárín eyín jíà, ní ibi tí tèmi ti wọlé gan-an.

Ó ní, “Bàbá mi, ẹ ti máa ń sọ ọ́ pé ohun tá a bá ṣe fún ìkan là ń ṣe fún ìkejì. Ìka méjì ti lọ lọ́wọ́ ìkan. Tèmi rèé. Ẹ yí i, ká dọ́gba, màá sì jókòó tì yín títí ọjọ́ ayé mi. Bí ẹ ò bá ní í yí i, ẹ fún mi níwèé mi. Mo ń lọ lọ́la.”

Bàbá mi ní kí ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Kò yọ ọ́. Wọ́n fa bẹ́líìtì yọ lára ìṣó, wọ́n nà án lẹ́yìn, wọ́n tún nà án, aṣọ rẹ̀ ya ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọwọ́ náà kò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n nà án ní mẹ́fà, wọ́n gbé ojú sókè wá mi bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí n wá gba tèmi. Wọ́n rí báńdéèjì. Bẹ́líìtì já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Inú wá bí wọn ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n di irin ọwọ́ mú, wọ́n ní, “Ṣé o rò pé mi ò lè yí i ni?” Ìyá mi ti dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi, wọ́n ń fi ikùn tí ó bí wa bẹ̀ wọ́n. Apá bàbá mi le bí igi. Mo wo ìka ìkejì mi méjèèjì, wọ́n gùn, wọ́n mọ́, kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n. Mo wo báńdéèjì mi.

Mo ní, “Ẹ yí i.”

N kò pariwo. Bí mo ṣe máa ń sọ pé kí wọ́n bá mi gbé omi ni mo ṣe sọ ọ́, gbogbo wọn sì gbọ́. Ìyá mi yí ojú padà wò mí láti ilẹ̀. Bàbá mi náà wò mí, irin ọwọ́ sì mì díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, bóyá ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n ló mì ín, bóyá wọ́n fẹ́ yí i. Eyín jíà gbá awọ ìka ìkejì mi mú, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Kò ké. Èmi ló ń wò.

Bàbá mi jọ̀wọ́ irin náà. Wọ́n jókòó sórí àpò fúláwà, wọ́n bo ojú, wọ́n sì sunkún, ohun tí a kò rí rí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n yọ lẹ́tà náà ní àpò ẹ̀wù, wọ́n fi lé orí tábìlì, wọ́n ní kí ó máa lọ, kí ó má sì jẹ́ kí òun rí i ní ìdí ẹ̀rọ yẹn mọ́. Ìkejì mi fi ọwọ́ ọ̀tún mú lẹ́tà, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé àpótí onírin rẹ̀ dé iwájú ilé. Ìyá mi ti ṣíwájú lọ dá ọkọ̀ dúró. Bàbá mi kò jáde. Àpótí náà wúwo, kò sì sí bí ó ṣe lè dá gbé e ru ara rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wá ohun tí mo lè sọ. Mo fẹ́ sọ pé ìrora ló fà á, pé kì í ṣe èmi. Irọ́ ni ì bá jẹ́, ó sì mọ̀ mí ju ẹni tí mo lè purọ́ fún lọ.

Ó ṣẹ́ òṣùká, ó fi òṣùká náà lé orí. Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ẹtì.

Ó ní, “Èmi yí i. Ìwọ ní kí wọ́n yí i. Bí wọ́n bá bi wá, a ò ní sọ.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí àpótí kan mú, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di etí kejì mú, mo fi apá òsì ti ìdí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tún rọ báńdéèjì mi, ṣùgbọ́n mo gbé e rù ú.